Bàbá Àgò àti Ilẹ̀kùn Wa ní Lalupon

Òórùn bẹntiróòlù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ Bọ̀dá Rájí, ó ń dàpọ̀ mọ́ òórùn omi pákí tó ń ro nínú àpò lẹ́yìn ilé wọn. Títí di òní, bí mo bá dé ibi tí òórùn méjèèjì ti pàdé, etí mi á dìde fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ pè mí. Ọ̀sán Sátidé kan ni, nígbà ọyẹ́. Bọ̀dá Rájí nìkan ló ní fídíò ní àdúgbò wa ní Lalupon nígbà náà. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì ní pálọ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Àwa ọmọdé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú, àwọn àgbà wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn wa. Fíìmù tó fẹ́ fi hàn wá ń jẹ́ Àlejò Ọ̀sángangan. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nínú wa.

Bàbá àgbàlagbà kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa. Bùbá funfun ló wọ̀, ó ti agboòrùn dúdú bọ abíyá, ó gbé kèrègbè kan kọ́ èjìká. Wọn ò lo orin kankan. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó dúró, ó rọra họ ọ̀fun, ó ní, "Àgò onílé o."

Kí obìnrin tó wà nínú fíìmù tó la ẹnu, gbogbo pálọ̀ Bọ̀dá Rájí ti dáhùn, tọmọdé tàgbà: "Àgò yà o!"

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. O lè máa jẹun, o lè máa tòògbé. Bí àgò bá ti dún, ẹnu rẹ á ti dáhùn kí ọkàn rẹ tó mọ̀. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Bọ̀dá Rájí ní, "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ kúkú gbé àga fún un!" Ìyá Sùlé, tí òun àti ìyá mi àgbà jọ máa ń yan gàrí, dá a lóhùn pé, "Ṣé ká máa wo àgbàlagbà nínú oòrùn ni?"

Obìnrin inú fíìmù náà ò wò ó nínú oòrùn. Ó ní kó wọlé, ó bu omi fún un. Bàbá náà mu omi, ó dúpẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ife padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí obìnrin náà fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ ló tó mọ̀. Ó la ẹnu, kò sí ohùn. Wọ́n wá fi bàbá náà hàn wá lójú ọ̀nà. Ó ṣí ìdérí kèrègbè rẹ̀ díẹ̀, ó gbé e sétí, ó mì í. A gbọ́ ohùn obìnrin náà nínú rẹ̀, ó kéré bí igbe ọmọ ológbò, ó ń pe ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó bá dáhùn àgò bàbá náà ni bàbá náà ń gba ohùn rẹ̀, gbogbo wa la sì ti dáhùn.

Lẹ́yìn mi, ẹnì kan rọra wúkọ́. Ẹlòmíràn wúkọ́ sí i. Wọ́n ń dán ohùn wò.

"Ìyá Sùlé, ẹ sọ̀rọ̀ ká gbọ́."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ìyẹn náà ti tó."

Ibẹ̀ ni fíìmù náà ti gbé mi, kò tíì sọ̀ mí kalẹ̀. Àwọn ọ̀dájú inú fíìmù ayé ìgbà yẹn, ẹ rántí wọn: ojú á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á so ìwo mọ́rùn, wọ́n á máa bú ramúramù. Eléyìí ò gbé ohùn sókè rí. Ilé mẹ́rin ló wọ̀ nínú fíìmù náà, ó dúpẹ́ omi nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò ja ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ìwà ọmọlúàbí wa ló fi ń mú wa. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa la sọ ọ́ ní Bàbá Àgò.

Bó ṣe ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé karùn-ún ni fídíò jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Àwòrán wọ́, ó ṣú. Bọ̀dá Rájí tú ẹ̀rọ náà, ó ń fa téèpù jáde bí ìfun adìyẹ. Ó fi bíléèdì gé ibi tó ti ya, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ ìyókù, ṣùgbọ́n ìparí fíìmù ti lọ. Àwọn kan ní apá kejì ń bọ̀. Kò bọ̀. Ní ti àwa ará Lalupon, kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun Bàbá Àgò. Ojú ọ̀nà ló ṣì wà, tòun ti kèrègbè rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ohùn Ìyá Sùlé há. Ọyẹ́ ni àti èéfín. Gbogbo Àìkú ló fi wà nídìí ìkòkò gàrí. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n wúyẹ́wúyẹ́ ló fi ń ṣàlàyé, ìyẹn ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Kò pẹ́ tí Lalupon fi dẹ́kun àti máa dáhùn àgò. Àwọn ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn àgbà ní eré lásán làwọn ń bá wọn ṣe, eré wá di àṣà. Mo rántí àwọn àna kan tó gbé iṣu wá láti Ẹgbẹ́dá. Wọ́n pe àgò títí nínú oòrùn, àwọn tó wà nínú ilé ń fi ojú sọ fún ara wọn pé kí ẹnikẹ́ni má dáhùn, àwọn àna bá gbé iṣu wọn padà. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbéyàwó ká. Oníkálukú wá ń dá ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn mùsùlùmí ń fi sàláámà wọlé. Àwọn ará Kérúbù ń kọrin bọ̀ láti òkèèrè. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa, bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á ké pé, "Lásún ni o! N ò gbé kèrègbè o!" Àwọn bàbá àgbà dẹ́kun àti máa ti agboòrùn dúdú bọ abíyá lọ́sàn-án. Ní ilé ìwé, bí kíláàsì bá dákẹ́, tíṣà wa á ní, "Ṣé Bàbá Àgò ti kọjá níbí ni?" Bí ọmọ kan kì í bá sì í sọ̀rọ̀, wọ́n á ní Bàbá Àgò ti kí wọn nílé.

Èmi ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún.

Èmi àti ìyá ìyá mi nìkan ló ń gbé inú ilé wa. Ìyá mi ti lọ ṣòwò ní Kàdúná. Ní àárọ̀ tó ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó so bọ́tìnnì ọrùn mi, ó ní, "Àníkẹ́, bí o bá ti gbọ́ àgò mi, kí o tètè dáhùn o, má jẹ̀ẹ́ kí n dúró nínú oòrùn." Ohun tó fi sílẹ̀ fún mi láti ṣe nìyẹn, mo sì gbà á bí iṣẹ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ìyá mi àgbà á ti lọ sí ibi ẹ̀rọ pákí, kò ní dé títí oòrùn fi máa rọlẹ̀. Màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá máa gbọ́ ìró pẹ̀pẹ́yẹ ilé kejì, igi ìdáná tó ń ta, mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn. Bí ìyá mi àgbà bá dé, á ní, "O ti jẹun?" Màá ní, "Mo ti jẹun, mà." Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ wa nìyẹn di ọjọ́ kejì.

Ìyá mi àgbà ò lọ wo fíìmù náà, inú rẹ̀ ò sì dùn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú. Ó ní, "Ilé tí wọn kì í bá ti í dá àgò lóhùn, ahoro ni." Ṣùgbọ́n kì í sí nílé lọ́sàn-án. Èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi ni mo sì ní ìṣòro náà. Bí n ò bá dáhùn, ó lè jẹ́ ìyá mi ló ń pè, á rò pé kò sẹ́nì kankan, á padà sí Kàdúná. Bí mo bá dáhùn, ó lè jẹ́ Bàbá Àgò. Mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Mo wá bi ara mi pé, ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ gan-an? Ohùn tí mò ń pa mọ́ yìí, kí ni mò ń fi ṣe? Ó sàn kí ohùn lọ, kí ìyá mi wọlé.

Láti ìgbà náà, kò sí àgò tó dún lẹ́nu ọ̀nà wa tí n ò dáhùn. Màá kọ́kọ́ fi ohùn kékeré pe "Màámi" lẹ́ẹ̀kan, bóyá ó lè jẹ́ ìkẹyìn, kí n tó ní, "Àgò yà." Ẹni tó fẹ́ yá ajere ló máa ń jẹ́, tàbí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń mu gàrí nínú abọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ.

"Àgò onílé o."

Ohùn náà gan-an ni. Bó ṣe rọ̀, bó ṣe fa "onílé" díẹ̀, bó ṣe kọ́kọ́ họ ọ̀fun. Ọwọ́ mi dúró sínú gàrí. Mo pe "Màámi." Mo tún un pè lẹ́ẹ̀kejì, torí mo mọ̀ pé ti òní yàtọ̀. Lẹ́yìn náà mo ní, "Àgò yà."

Òun náà ló wọlé. Bùbá rẹ̀ kì í ṣe funfun, kò sí kèrègbè léjìká rẹ̀. Páànù tó ká ló wà ní abíyá rẹ̀, àpò ìṣó àti òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fara ti òpó, ó ń wò mí.

"Ọmọ, ìwọ lo dáhùn?"

"Èmi ni, sà."

"Ọlọ́run á dá ìwọ náà lóhùn." Ó jókòó sórí àpáta ẹnu ọ̀nà, ó ń mí. "Láti Ìyànà Ọ̀fà ni mo ti ń pe àgò bọ̀. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́."

Ó wo àmù omi wa. Ó rí ojú mi, ó sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ kíá. Ó ní, "Má wulẹ̀ dààmú, òùngbẹ ò gbẹ mí." Ètè rẹ̀ ti bó bí ara igi. Mo dìde, mo bu omi, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Ó mu ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ife padà gẹ́gẹ́ bíi ti inú fíìmù, àwa méjèèjì sì dúró, a ń retí.

"Ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mo di ọ̀fun mi mú. "Ó wà níbẹ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ara mi nínú ilé yẹn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ìṣó lu ihò sára páànù tí wọ́n fi ń rin pákí. Bí páànù bá ti kú, pákí kì í kúnná. Nítorí náà láti ojúlé dé ojúlé ló ń rìn, kò sì sí bí ọmọlúàbí ṣe lè wọ ojúlé láìpe àgò. Nígbà èwe rẹ̀ ló ti bá àwọn òṣèré rìn díẹ̀. Àwọn tó ṣe fíìmù náà wá a wá nítorí ohùn rẹ̀. "Wọ́n ní ohùn mi tutù," bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. "Ó ti tutù jù báyìí. Ilé tí mo ti ń lu páànù fún wọn kí wọ́n tó bí ìyálé ilé, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń yọjú wò mí."

Mo bi í léèrè ohun gbogbo. Báwo ni ohùn ṣe dé inú kèrègbè? Ó ní obìnrin kan ló ki ẹnu bọ àmù òfìfo, tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ta ló ni agboòrùn? Ti àna rẹ̀ ni, ó sì ti dá a padà. Báwo ló ṣe parí?

"Èmi náà ò tíì wò ó," ó ní. "Ibo ni mo ti fẹ́ rí fídíò? Wọ́n ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, kí n máa pe àgò. Mo dúró títí ẹsẹ̀ ń ro mí. Wọ́n ní kí n ṣí kèrègbè. Mo ṣí i, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó tó. Ohun tí wọ́n fi ṣe, n ò mọ̀."

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí ìyá mi àgbà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé pẹ̀lú igbá pákí lórí.

"Yéè! Ó ti wọlé!"

"Àníkẹ́! Àníkẹ́, sọ̀rọ̀!"

"Mo wà dáadáa," mo ní, "páànù ló wá ṣe."

Ìyá Sùlé ní, "Ẹ gbọ́, ohùn ọmọ yìí ti tún pọ̀ sí i!"

Ìyá mi àgbà sọ igbá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó ní páànù wa ti kú tipẹ́. Bàbá náà tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ilé, ó ń lu ìṣó, àwọn obìnrin dúró jìnnà díẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ìyá Sùlé ò lè mú un mọ́ra. "Bàbá, ohùn mi ńkọ́?"

Kò gbé ojú sókè. "Mo gbàgbé ẹ̀ sílé, ìyá. Bí mo bá tún ń bọ̀, màá mú un dání."

Ó tún bọ̀ lóòótọ́, ó ń bọ̀ lóòrèkóòrè. Àwọn ilé tó kù ò yéé dákẹ́ sí i. Wọ́n ń bá a ṣàwàdà níta, ṣùgbọ́n bó bá ti pe àgò, wọ́n á pa ẹnu mọ́. Ilé wa nìkan ló ti ń rí ìdáhùn, èmi sì ni ìdáhùn náà. Màá jókòó tì í, màá máa to ìṣó fún un, á máa sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe òjò àti iná nínú fíìmù. Ìgbà tó yá, kò wá mọ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin rẹ̀ ti mú un lọ sí Olódò. Mo padà sí gbígbọ́ pẹ̀pẹ́yẹ.

Ìyá mi dé ní ìgbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sán ni. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn: kó, kó, kó. N ò dìde. Ní ọ̀dọ̀ wa, wolé-wolé nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi àgbà, tí òjò ò jẹ́ kó jáde lọ́jọ́ náà, ló lọ ṣí i. Nígbà tí mo rí ẹni tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pe àgò?"

Ó ń wò mí, òjò ń kán lára gèlè rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n fi fíìmù yẹn hàn wá ní Kàdúná. Mo ní bí mo bá pe àgò, ẹ̀rù á bà ọ́."

Ọjọ́ díẹ̀ ló lò. Ó rán aṣọ méjì fún mi, ó di irun mi, ó tún padà lọ. N ò sọ fún un bí mo ti ń dáhùn.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ìyá mi wà nígbà yẹn lọ. Aṣọ ni mò ń rán ní Olódò, èmi nìkan ló wà nínú ilé mi. Gẹ́ẹ̀tì onírin ló wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ á pè mí lórí fóònù pé òun ti dé ẹnu gẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi àgbà ti dolóògbé. Ìyá mi ń pè láti Kàdúná ní ọjọọjọ́ Àìkú, ó máa ń bi mí pé, "O ti jẹun?" Bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, mò ń wá Àlejò Ọ̀sángangan. Mo ti ra ẹ̀rọ fídíò àlòkù, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú kásẹ́ẹ̀tì tó bu. Láàárín Lalupon, Ìyànà Ọ̀fà àti Ẹgbẹ́dá, mo rí ẹ̀dà márùn-ún. Márùn-ún náà ní ìlà funfun kan tó ń gba orí fìlà Bàbá Àgò kọjá bó ṣe ń jáde nílé kẹta. Márùn-ún náà ṣú ní ẹnu ọ̀nà karùn-ún. Mo wá mọ̀ pé ara kásẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá Rájí ni wọ́n ti da gbogbo wọn kọ. Gbogbo agbègbè wa ló ń bẹ̀rù bàbá kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó parí sí, nítorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Ní ìgbà òjò tó kọjá yìí, obìnrin kan kó aṣọ ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá fún mi láti rán. Bó ṣe dé ẹnu gẹ́ẹ̀tì, ó họ ọ̀fun kó tó kí mi. Mo gbé ojú sókè. Mo bi í ta ni bàbá rẹ̀. Bàbá Àgò ni. Bàbá náà ti kú tipẹ́, nínú àpótí rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́. Kò wò ó rí títí tó fi kú, ọmọ rẹ̀ bá gbé e wá fún mi.

Èbu ti bò ó. Mo tú u, mo fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, mo ń fi òwú àti sípíríìtì nù ún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Lára páálí rẹ̀ ni mo ti rí gígùn fíìmù náà, mo fi wé tiwa, mo rí i pé ìṣẹ́jú méje ni Lalupon pàdánù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi sínú ẹ̀rọ. Nílé kẹta, kò sí ìlà funfun. Ó dé ẹnu ọ̀nà karùn-ún, kò ṣú.

Ó pe àgò. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó dúró. Ó gbé ara kúrò lórí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń ro ó, ó ti sọ fún mi. Ó tún pè. Oòrùn ń pa á. Ó wá gbé kèrègbè sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣí ìdérí rẹ̀ pátápátá, ó ní, "Àgò onílé o." Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ti gbà sì dá a lóhùn láti inú kèrègbè, "Àgò yà o." Ohun tó fẹ́ láti ọjọ́ yìí kò ju ìyẹn lọ.

Ẹnu mi ti bá wọn dáhùn kí ọkàn mi tó mọ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti pálọ̀ Bọ̀dá Rájí. Ohùn mi nìkan ló dún nínú ilé. Ọmọ tó ń dáhùn ní Lalupon ní ẹni tó ń retí. Èmi tòní dáhùn ṣá.

Lẹ́yìn ìyẹn, èbu ti jẹ ìyókù. Funfun ló ń ta pàrà lójú tẹlifíṣọ̀n. Bóyá wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, n ò mọ̀. Nínú ìṣẹ́jú méje, mo ti rí mẹ́fà.